Ọdún Tí Wọ́n Wá Ṣèwádìí Ọ̀rọ̀ Abẹ́ Nílé Wa

Tí ẹ bá bi ìyá àgbà mi, irọ́ ò sí nínú ìdílé wa. "Òótọ́ la fi ń jẹun nílé yìí," bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń sọ yìí, lọ́sàn-án gangan, àwọn obìnrin ilé wa ní Ìgàndó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń purọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì ti purọ́ tán á gba ọṣẹ ìfọṣọ kan. Ìyá àgbà mi ló kọ́kọ́ gbà. Mo wà níbẹ̀, mò ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, ojú mi ò fọ́, etí mi ò sì di. Ẹ ò lè rí i kà nínú ìwé kankan, torí àwọn tó ń kọ ìwé ọ̀hún gan-an ni wọ́n purọ́ fún.

Ariwo nilé wa láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nígbà náà. Wẹ́dà ni bàbá mi, iwájú ilé ló ti ń jó irin. Ìyá mi ń ránṣọ lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa, ìró máṣínì rẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ìyá Síkírù, ayálégbé tó wà ní yàrá kejì sí tiwa, ní ẹ̀rọ ìlọta lẹ́yìnkùlé. Tó bá ti tan án, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ fa ẹnì kejì rẹ̀ létí. Ṣùgbọ́n kò sí ariwo tó borí ohùn ìyá tó bí bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà. Ó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní òun kàn fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan kí ọmọ òun. Inú ọ̀sẹ̀ ọ̀hún ni wọ́n bí mi sí, inú rẹ̀ náà ni mo wà títí mo fi mọ̀wé kà. Tó bá ti jí, á jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á wá máa fi ẹnu ṣiṣẹ́. "Àbẹ̀kẹ́, o ò tíì gbálẹ̀. Ìyàwó, ro ògì yẹn kó má di kókó. Ta ló ń da omi nù níbẹ̀ yẹn, ṣé bàbá rẹ ló gbẹ́ kànga ni?" Èmi ni Àbẹ̀kẹ́. Múlíkà ni wọ́n sọ mí, ìyá mi ń pè mí ní Múlí, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ní orúkọ Lárúbáwá kì í dùn lẹ́nu ẹni tí kò léyín.

Ọ̀kan nínú iṣẹ́ àárọ̀ mi ni pé kí n fún ìgbín lóúnjẹ. Ìyá Àgbà ń sin ìgbín sínú ìkòkò àfọ́kù kan lẹ́yìn àpótí rẹ̀, ó fi páànù bò ó, ó gbé òkúta lé e. Ewé ìbẹ́pẹ ni mò ń já fún wọn. Wọ́n tóbi, wọ́n sanra, gbogbo ìgbà tí a bá sì ń fi ẹ̀fọ́ lásán jẹ ẹ̀kọ, ojú mi kì í kúrò lára ìkòkò náà. Mo bi í pé ìgbà wo la máa sè wọ́n. Ó ní, "Ìgbín yìí kì í ṣe ti ọbẹ̀. Ti ọmọ tuntun ni." Mo rò pé ọmọ tuntun ló máa jẹ ẹ́. Inú bí mi, mo ní ọmọ tí kò léyín! Ìgbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé omi ara ìgbín ni wọ́n ń kán sójú ọgbẹ́ ọmọbìnrin tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá abẹ́ fún, wọ́n ní ó tutù, ó ń mú ara rọ. Ẹ ẹ̀ rí ìwà yẹn? Wọ́n mọ̀ pé ó ń dun ọmọ. Wọ́n ti ń fi ewé ìbẹ́pẹ bọ́ ìtura sílẹ̀ kí wọ́n tó dá a lóró.

Lọ́dún yẹn, ìyá mi lóyún. Oyún tó ní ṣáájú èyí, ọmọkùnrin ni, ó rọbí títí ó fi rẹ̀ ẹ́ pátápátá, ọmọ sì jáde láìké. Ìyá Àgbà ní orí ọmọ náà ló kan ẹran. Ó ní ẹran kékeré kan wà lábẹ́ obìnrin, tí wọn ò bá gé e kúrò láti kékeré, ọmọ tó bá fi orí kàn án nígbà ìbí ti kú nìyẹn. Ó tún ní obìnrin tí wọn ò bá gé tirẹ̀ á máa ṣe ìṣekúṣe, á máa wo ọkùnrin bí ajá ṣe ń wo egungun. Bó ṣe ń sọ pé kí a má súfèé nínú ilé, ohùn kan náà ló fi ń sọ èyí, ẹnikẹ́ni ò sì jiyàn. Tó bá sì ti rí i pé ẹnu fẹ́ yà wá, á fi òwe dí i: "Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn." Ìyá mi á tẹ orí ba, á máa tẹ máṣínì rẹ̀ lọ.

Ìgbà tí oyún wọ oṣù kẹjọ ni àǹtí kan wọlé wá láti yunifásítì. Ọ̀dọ́ ni, ó wọ ṣòkòtò, ó gbé báàgì tó kún fún bébà kọ́ apá kan, ó sì gbé ọ̀rá ọṣẹ dání lọ́wọ́ kejì. Ó ní òun ń ṣèwádìí nípa dídá abẹ́ fún ọmọbìnrin, ohun tó ń ṣe fún ìlera wọn àti bó ṣe ń rí fún wọn nílé ọkọ. Òun ò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá sì dáhùn, òun á fún un ní ọṣẹ kan torí àkókò rẹ̀. Kò yẹ kó mẹ́nu ba ọṣẹ, jàre. Ẹ̀rọ ìlọta dákẹ́ lójijì. Àwọn obìnrin tí kì í dáhùn tí Lándílọ́ọ̀dù bá ń kanlẹ̀kùn jáde wá, wọ́n ń nu ọwọ́ síwájú ìró.

Ìyá Àgbà ló bẹ̀rẹ̀. "Dídá abẹ́ kẹ̀? Nínú ayé tó ti lajú yìí? Ayé àwọn ìyá ńlá wa nìyẹn, ọmọ mi. Àwa ò mọ̀ ọ́n." Ìkòkò ìgbín wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an bó ṣe ń sọ ọ́. Ìyá Síkírù tẹ̀lé e. Ìyá Síkírù yìí, nígbà tó bí Síkírù, gbogbo wa la gbọ́ igbe rẹ̀ nílé ìwẹ̀ tó bá fẹ́ tọ̀, ẹ̀gbẹ́ ìdí kan ló sì fi ń jókòó fún ìgbà pípẹ́. Ó wo àǹtí náà lójú, ó ní wọn kì í ṣe é nílé àwọn rí, pé àwọn ará òdìkejì títì ló ń ṣe é. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé àwọn ará òdìkejì títì ní àwa ni. Èyí tó wá burú jù ni ti Ìyá Olóólà. Ẹ gbọ́ mi ná. Ìyá Olóólà, tó ń dá abẹ́ fún àwọn ọmọ láti Ìgàndó dé Ìjẹ̀gùn, wá kí Ìyá Àgbà lọ́jọ́ náà, ó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná lọ́wọ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gbọ́ ọṣẹ. Ó gbé ife sílẹ̀, ó wá jókòó. Àǹtí bi í pé, "Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, Màmá?" Ó ní, "Mò ń lu etí fún àwọn ọmọ jòjòló." Àǹtí ní, "Ẹ ṣeun, Màmá," ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fún un lọ́ṣẹ. Ìyá Olóólà ní ṣé òun lè rí ọ̀kan sí i.

Mo ti dàgbà báyìí, Ègbẹ́dá ni mò ń gbé, mo sì ti ka irú ìwé tí wọ́n máa ń kọ jáde nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Mi ò bá àwọn tó kọ ọ́ jà. Pé ojú àpá náà kì í nà, pé ìtọ̀ máa ń ta obìnrin, pé obìnrin ń ya nígbà ìbí tí ẹ̀jẹ̀ sì ń dà, pé ẹlòmíràn ń fi ẹ̀rù wọ yàrá ọkọ rẹ̀ títí tó fi darúgbó tí kò sì mọ̀ pé nǹkan kan wà tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òun, òótọ́ pọ́nbélé ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá kan ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé àwọn obìnrin àdúgbò kan ní àwọn ti jáwọ́, mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń ní, kí lẹ fún wọn? Ọṣẹ àbí iyọ̀?

Ìyá mi nìkan ni kò jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó ní aṣọ oníbàárà ń jó òun lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí àǹtí náà ṣe jáde báyìí, ó dìde, ó ní kí n bá òun kálọ, òun fẹ́ ra òwú. A ò dé ìsọ̀ olówùú. Ìdíkọ̀ ọ̀kadà ló ti bá àǹtí náà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Mi ò wá gba ọṣẹ o. Ọmọ kan kú mọ́ mi lára nígbà ìrọbí. Wọ́n dá abẹ́ fún mi ní kékeré. Ṣé torí ẹ̀ ni?"

Àǹtí náà wo èmi, ó wo ìyá mi. Ìyá mi ní, "Ẹ máa sọ ọ́. Obìnrin lòun náà."

"Màmá, mi ò lè búra pé òun ló pa ọmọ yẹn, mi ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n gé, àpá ló máa ń dì, àpá kì í fẹ̀ bí ara ṣe ń fẹ̀. Ó lè jẹ́ kí ìrọbí pẹ́. Tí ẹ bá máa bí èyí, ọsibítù ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé àpá wà níbẹ̀."

"Tí wọn ò bá wá gé e ńkọ́? Ṣé ọmọ tó bá fi orí kàn án á kú ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Wọn ò gé ti màmá mi. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí la wà láyé."

Ìyá mi gbé ọwọ́ lé ikùn. Àwọn ọlọ́kadà ń bi í pé, "Màmá, ṣé kí a máa lọ?" A padà sílé láìra òwú.

Ọsibítù ló bímọ sí. Ìyá Àgbà sọ̀rọ̀ títí, ó ní agbẹ̀bí wà lẹ́yìn ilé wa, kí ni wọ́n ń lọ san owó fún, ìyá mi gbé báàgì rẹ̀. Ó sọ fún nọ́ọ̀sì. Ó ya, wọ́n rán an, ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ọmọ ké. Obìnrin ni. Bàbá mi jó yí ilé ká, kò rántí bọ́ awò tó fi ń jó irin kúrò lójú. Ìyá Àgbà náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dìde, ó lọ ṣí ìkòkò ìgbín wò.

Láti ọjọ́ tó ti gbé ọmọ náà délé ni ìyá mi ò ti gbé e fún ẹnikẹ́ni mọ́. Iṣẹ́ ìyá ọkọ ni wíwẹ ọmọ tuntun nílé wa. Á nà án, á tẹ orí rẹ̀, á jù ú sókè. Ìyá mi ní òun fúnra òun lòun á máa wẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀ ńlá! Ìyá Àgbà ń ròyìn rẹ̀ fún ẹni tó wá ra ata, ó ń ròyìn rẹ̀ fún ẹni tó ṣì ilé. Ìyá mi bá bàbá mi sọ ọ́, ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n dá abẹ́ fún ọmọ yìí. Bàbá mi ní, "Ọ̀rọ̀ ẹ̀yin obìnrin nìyẹn. Èmi ò dá sí i." Ọkùnrin tó ń dá sí ata inú ọbẹ̀, tó ń dá sí ẹ̀gbẹ́ tí irun mi máa kọjú sí! Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó padà sídìí irin rẹ̀.

Wọ́n sọ ọmọ náà ní Rámátù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìsọmọlórúkọ, Ìyá Olóólà dé, ó wẹ̀, ó kun lẹ́búlẹ́bú sí ọrùn. Ìyá Àgbà ní, "Ìyàwó, etí ọmọ ni o, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ." Ìyá mi gbà, torí ta ló fẹ́ kí wọ́n máa pe ọmọ òun lọ́kùnrin? Ó jókòó sórí ẹní, ó gbé Rámátù lé itan. Wọ́n ní kí n gbé àwo àti abọ́ wá láti ilé ìdáná. Abẹ́rẹ́ àti òwú dúdú wà nínú àwo, òwú funfun díẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ìdérí wà lórí abọ́. Mo ṣí i bí mo ṣe ń gbé e sílẹ̀, mo rí ìgbín kan nínú rẹ̀, wọ́n ti fọ́ ìdí rẹ̀, omi rẹ̀ ti ń kán. Mo wo ìyá mi. Òun náà ti rí i. Etí ò nílò ìgbín.

Ìyá Àgbà wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ kan tí kò fi bá èèyàn sọ̀rọ̀ rí nílé wa sọ pé, "Ìyàwó mi, gbé ọmọ sílẹ̀, kó o lọ bá wa gbé omi gbígbóná wá."

Ìyá mi ní, "Múlí, lọ gbé omi gbígbóná wá."

"Ìwọ ni mo rán."

"Mo gbọ́, Màmá. Ọmọ ló wà lọ́wọ́ mi."

"Gbé e sílẹ̀ fún Ìyá Olóólà."

"Mi ò gbé e sílẹ̀."

Ẹ̀rọ ìlọta tún dákẹ́. Ilé kún. Ìyá Síkírù ń sọ pé, "Ìyá Múlí, ẹ ní sùúrù, àgbà ni wọ́n, wọn ò lè rẹ́ yín jẹ," àmọ́ ojú rẹ̀ ò kúrò lára abọ́ yẹn. Ìyá Àgbà dìde dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu àyà. Ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, pé òun ò ní wà nílé ọmọ òun kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ láìgé, kó wá di ẹni tó ń pa ọmọ nígbà ìbí lọ́la. Ìyá mi ò pariwo. Títí dòní mi ò gbọ́ kó pariwo.

"Màmá, orí ọmọ mi ti àkọ́kọ́ wọ́, ẹ sì wà nílé. Wọ́n ti gé tèmi kí n tó mọ̀ pé mo wà láyé. Ẹran yẹn ò sí lára mi. Kí wá ni orí ọmọ mi kàn?"

Ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Ẹ wo ilé tí ẹnu pọ̀ tó bẹ́ẹ̀! Ìyá Olóólà ń wo abẹ́rẹ́. Bàbá mi wọlé, awò irin wà níwájú orí rẹ̀, ó ti ń bínú bọ̀ láti ìta. "Ìyá Múlí, ṣé ìyá mi lò ń dá lóhùn báyẹn?" Ìyá mi ní, "Bàbá Múlí, ẹ kú oríire, ẹ̀yin náà ẹ dáhùn. Kí ni orí ọmọ yín kàn?" Bàbá mi họ ọrùn. Ó wo ilẹ̀, ó rí abọ́. "Kí ni ìgbín ń ṣe níbí?" Ẹ gbà mí! Gbogbo ìgbà tó fi ń kọjá lára ìkòkò yẹn lọ wẹ̀, kò bèèrè rí. Ìyá mi sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe fún un, ó sọ ọ́ ní gbangba, ojú ti àwọn ọkùnrin tó tẹ̀lé e wọlé, wọ́n ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá mi bọ́ awò irin kúrò lórí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ lu etí ọmọ, Màmá, kẹ́ ẹ máa lọ." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó sọ tó nítumọ̀ lọ́dún náà nìyẹn, mo sì máa ń fi dárí jì í.

Ojú ò ti Ìyá Olóólà. Ó lu etí méjèèjì lórí itan ìyá mi, ó gba owó, ó ní tí a bá yí ọkàn padà kí a ránṣẹ́. Ìyá Àgbà ní tí ọmọ náà bá dàgbà tó ń sá tẹ̀lé ọkùnrin, kí wọ́n má wá bá òun ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kò kúkú lọ Ògbómọ̀ṣọ́. Rámátù ti bímọ báyìí, gbogbo ọmọ rẹ̀ ló ké, ó sì yọ̀lẹ débi pé kì í sá tẹ̀lé bọ́ọ̀sì gan-an, ká má tíì sọ ọkùnrin. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ti tán o. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni aládùúgbò mi kan, tó kàwé, tó ń wọ ìlẹ̀kẹ̀ àti bàtà gogoro lọ síṣẹ́, sọ fún mi pé nọ́ọ̀sì kan wà ní apá Ìkòtún tó ń ṣe é jẹ́ẹ́jẹ́, ó ń wọ ìbọ̀wọ́, ó ń fún ọmọ lábẹ́rẹ́ kó má mọ̀ ọ́n lára. Ó ní, "Ti ìgbàlódé ni." Mo ní, "Olè tó bá fọ ọwọ́ kó tó wọlé, kí ni orúkọ rẹ̀?" Kò kí mi mọ́ látìgbà náà, ó sì bá mi lára mu.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ etí yẹn, inú mi dùn débi pé mi ò lè jókòó. Ìyá mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fún Rámátù lọ́mú. Mo ń ṣe bíi Ìyá Àgbà fún un, mo ń lu àyà, mo ń ká ètè mi bíi ti ẹni tí kò léyín, ìyá mi ń rẹ́rìn-ín, ó ń di ibi tí wọ́n ti rán an mú, ó ní kí n má pa òun. Mo gun bẹ́ẹ̀dì, mo fara tì í. Mo ní, "Màámi, nígbà tí wọ́n fẹ́ lu etí tèmi náà, ẹ ò gbé mi sílẹ̀, àbí?"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó wo etí mi, ó fi ìka kan yẹtí mi.

"Nígbà tìrẹ, Múlí, wọ́n ní kí n lọ gbé omi gbígbóná wá. Mo dìde, mo lọ gbé e."